Gbàǹjo Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ìyá Àgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ohun tí mo sì rò pé ó ń sọ ni pé kí ọmọdé mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọlọ́jà ayé yóò máa du àkísà àgbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí wọn yóò sì máa san lé e lórí ju iye tí wọ́n ń ta aṣọ tuntun lọ. Ọjọ́ náà ti dé. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ̀rọ tí a fi ń yan búrẹ́dì láti nǹkan bí 1950, rédíò onígi, áyọ́ọ̀nù àtijọ́, àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá ìyá ẹni lò, gbogbo wọn ni àwọn ènìyàn ń lù ní gbàǹjo, tí òmíràn nínú wọn sì ń gbówó lérí bí ẹni pé wúrà ni wọ́n fi rọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí kàn mí bí kò bá ṣe pé ó wọ ilé wa. Ní ìsinmi tó kọjá, owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ti pọ̀ sí i, bàbá mi sì ń wá ibi tí yóò ti rí i san. Àárín ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi ọkùnrin, tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n, tẹ̀ wá láago. Ó ní òun rí ẹ̀rọ Singer kan ní ọjà gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé òun àti èyí tí Ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún wa ní Iléṣà jọra bí ìbejì, àti pé iye tí òun rí lára rẹ̀ jẹ́ 3,000 pọ́n-ùn. Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti rójú mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí a tà á kíákíá kí a pín owó rẹ̀. Bàbá mi ní kí a tà á, ṣùgbọ́n kí a fi owó rẹ̀ rán mi nílé-ẹ̀kọ́. Àǹtí mi, àbúrò wọn obìnrin, tí ó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ náà ni ó ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, ní ẹni tí ó bá gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, òun àti onítọ̀hún ni. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o wà ní yunifásítì, tí o ń kọ́ èdè àwọn òyìnbó, lọ bá wa wádìí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀." Àbọ̀ ìwádìí náà ni mo ń jẹ́ fún yín yìí.

Nítorí pé èdè ni mò ń kọ́, inú ọ̀rọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe gbàǹjo ni auctio, ara ọ̀rọ̀ ìṣe kan tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan pọ̀ sí i ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Versteigerung, nínú èyí tí a ó ti rí gígùn òkè. Subasta ni àwọn ará Sípéènì àti Kúbà ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ láti inú èdè Látìn sì ni "lábẹ́ ọ̀kọ̀", nítorí pé ọ̀kọ̀ ni àwọn ará Róòmù máa ń gún mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń ta ìkógun. Àwa ńkọ́? Àwa ní, "Wọ́n lù ú ní gbàǹjo." Kì í ṣe owó tí ń gòkè ni ojú tiwa rí; òòlù tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni a rí. Bẹ́ẹ̀ ni etí wa kò sì gbọ́ ọ bí ohun ayọ̀. Bí gbèsè bá mu ènìyàn dé góńgó ni wọ́n ń lu ilé rẹ̀ ní gbàǹjo, bí ọjà bá sì pọ̀yọyọ ni a ń sọ pé wọ́n ń tà á ní gbàǹjo. Èyí ni pé lójú òyìnbó, ibi tí iye ń gùn ni gbàǹjo. Lójú tiwa, ibi tí iye ń já wálẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ìhà méjèèjì ni òtítọ́ wà.

Ìtàn fi hàn pé kò sí ohun tí ènìyàn kò lè lù ní gbàǹjo. Ní ọdún 193, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba Róòmù pa Pertinax ọba wọn, wọ́n sì kéde pé ẹni tí yóò bá san jù ni àwọn yóò fi jọba. Ọkùnrin méjì ni ó jáde: Sulpicianus, àna ọba tí wọ́n pa, àti Didius Julianus, olówó kan. Wọ́n ń fi owó lé owó títí Sulpicianus fi dé 20,000 owó sẹ́sításì fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan náà ni Julianus fò sókè sí 25,000. Wọ́n fi í jọba; ọjọ́ 66 ni ó lò lórí oyè kí wọ́n tó pa á. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe adé náà ni ó sọ pé òun tó 25,000. Ẹni tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni ó sún Julianus débẹ̀. Bí Sulpicianus bá jókòó sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó díẹ̀ ni adé ọba Róòmù ì bá lọ.

Ìtàn kan tún wà tí ó burú ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 2 àti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1859, nítòsí ìlú Savannah ní Georgia ti Amẹ́ríkà, wọ́n lu àwọn ènìyàn dúdú tí ó ju 400 lọ ní gbàǹjo láti fi san gbèsè ọ̀gá wọn, Pierce Butler. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni wọ́n kọ iye lé lórí. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní yára gbà pé iye tí gbàǹjo bá fi lélẹ̀ ni iye tí nǹkan tó. Òòlù kì í sọ iyì nǹkan. Ohun tí ẹnìkan ṣe tán láti san lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni ó ń sọ.

Gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì pẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995 ni Pierre Omidyar, tí ń gbé ní California, dá ọjà tí ó pè ní AuctionWeb sílẹ̀. Ọjà yìí ni a wá mọ̀ sí eBay láti 1997. Ìtàn tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ni pé ohun àkọ́kọ́ tí ó tà níbẹ̀ jẹ́ iná léésà kékeré kan tí ó ti bàjẹ́. Ó gbówó tó 14.83 dọ́là. Ẹnu ya Omidyar, ó sì bi ẹni tí ó rà á bóyá ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni náà fèsì pé òun mọ̀, pé àwọn tí ó ti bàjẹ́ gan-an ni òun ń kó jọ. Gbogbo ẹ̀kọ́ ọjà náà ti wà nínú ìdáhùn yìí. Ní ọjà Àtákúnmọ̀sà ní Iléṣà, bí o bá gbé ohun tí ó bàjẹ́ jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, o lè má rí ẹyọ ẹnìkan tí yóò yà sọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ayé jọ sínú ọjà kan, ẹni tí ń wá àkísà yóò wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì jẹ́ méjì, àkísà di góòlù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ná ọjà náà? Ìwọ yóò sọ fún ọjà náà ní ìkọ̀kọ̀ iye tí o lè san mọ. Kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Yóò máa fi díẹ̀díẹ̀ bá ọ fi owó lé ti ẹlòmíràn, títí wọn yóò fi kọjá agbára rẹ tàbí tí ìwọ yóò fi borí. Nítorí náà ẹni tí ó borí kì í san gbogbo ohun tí ó ní lọ́kàn. Díẹ̀ ni ó ń san lórí iye tí ẹni kejì kọ. William Vickrey, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ti kọ ìwé lórí irú gbàǹjo báyìí ní 1961. Ó fi hàn pé níbi tí ẹni tó borí bá ti ń san iye ẹni kejì, ohun tí ó dára jù fún olúkúlùkù ni kí ó kọ iye tí nǹkan náà tó lójú ara rẹ̀ gan-an, kí ó sì fi ọkàn balẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ó sì kú ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kéde rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kì í fi ọkàn balẹ̀. Alvin Roth àti Axel Ockenfels ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002. Wọ́n fi eBay, tí aago rẹ̀ ń lù tí ọjà sì parí, wé gbàǹjo tí Amazon ń ṣe nígbà náà, èyí tí ó ń fi àkókò kún àkókò bí ẹnìkan bá kọ iye ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn. Wọ́n rí i pé ní eBay ni àwọn ènìyàn ti ń sá pamọ́ jù, tí wọ́n á dúró dìgbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí wọ́n tó yọ bí olóńgbò. Ẹni tí wọ́n bá yọ sí lójijì báyìí kò ní àyè láti ronú. Bí ó bá sì tún rí àyè, ìbínú ni yóò fi kọ iye tuntun. Kì í ra ẹ̀rọ mọ́ nígbà náà. Ìjà ni ó ń jà.

Mo wá béèrè ohun tí ń mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ ohun àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni mo rí. Èkínní ni pé òmíràn wúlò lóòótọ́. Ní 1933 ni ilé-iṣẹ́ Singer gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Featherweight jáde níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Chicago. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju páùn 11 lọ, ó sì ń rán ojú ọ̀nà tí ó tọ́ gbọnrangandan. Títí di òní ni àwọn obìnrin Amẹ́ríkà tí ń fi ègé aṣọ rán kúbùsù ń wá a, nítorí pé wọ́n lè fọwọ́ kan gbé e lọ síbi ìpàdé wọn. Ẹni tó bá ra ìyẹn lówó gọbọi, mo gbà fún un. Iṣẹ́ ni ó rà.

Ìdí kejì ni ọwọ́ tí nǹkan náà ti kọjá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1996, ilé gbàǹjo Sotheby's ní New York ta ẹrù Jacqueline Kennedy Onassis, opó Ààrẹ Kennedy. Ẹ̀gbà ọrùn kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ojúlówó péálì rárá. Wọ́n fojú bù ú pé kò ní ju 700 dọ́là lọ. Iye tí òòlù bà lé ni 211,500 dọ́là. Ọrùn tí ó ti wọ̀ ọ́ ni wọ́n rà, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Ìdí kẹta ni àhesọ, òun ló sì wọ ilé wa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, ọ̀rọ̀ kan tàn ká Saudi Arébíà pé nǹkan kan wà nínú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ Singer àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní mẹ́kúrì pupa, pé ó lè fi ibi tí wúrà wà hàn, pé ó sì lè lé àwọn àlùjọ̀nnú. Wọ́n ní bí o bá gbé tẹlifóònù alágbèéká súnmọ́ abẹ́rẹ́ náà, tí ìpè sì já, ó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí kò níyì tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní 200,000 ríyálì, èyí tí ó ju 50,000 dọ́là lọ nígbà náà. Àwọn olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ láti jí ẹ̀rọ wọn gbé, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tí ó gbé irọ́ náà jáde. Mẹ́kúrì pupa kò sí níbẹ̀, kò sì sí níbikíbi.

Ibi tí mo kàwé dé nìyí nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú ọkùnrin kan wọlé. Ó wọ agbádá funfun, tẹlifóònù méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ nípa ẹ̀rọ wa, pé àwọn kan ní òkè òkun ń wá irú rẹ̀ lójú méjèèjì nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé kí òun tó lè mú oníbàárà wá, a ó san 20,000 náírà owó àyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń ki ọwọ́ bọ àpò. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún yín." Mo ka ìtàn Saudi Arébíà sókè. Kí n tó kà á débi tẹlifóònù àti abẹ́rẹ́, ọkùnrin náà ti dìde, ó ní wọ́n ń retí òun níbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó ṣe, wọ́n fún mi ní ẹran orí àwo wọn.

Ó ku ẹ̀rọ náà gan-an. Ní 1851 ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ìyàwó ilé lè san lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ní 1856 Edward Clark, ẹnìkejì rẹ̀ nínú òwò, dá ọgbọ́n kan: san díẹ̀, gbé e lọ sílé, kí o máa san ìyókù ní oṣooṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò kọ́ Ìjẹ̀ṣà ní ọgbọ́n yìí? Ṣebí òun ni àwọn òṣómàáló wa ń dá, tí wọ́n ń gbé aṣọ lọ tà ní àwìn ní ìlú onílùú, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí iwájú ilé ajigbèsè títí yóò fi san. Bí Ìyá àgbà ṣe ra ẹ̀rọ tirẹ̀ náà nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, láti inú owó tí ó ń rí lórí aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń rán.

Nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀rọ wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà méjì, E sì ni àkọ́kọ́. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí ara àwọn tí wọ́n rọ ní Clydebank ní Sikọ́tílándì láàrin àwọn ọdún 1930 sí àwọn ọdún 1960. Ilé-iṣẹ́ yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀. Ibùdó náà ṣì ń jẹ́ Singer títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 1980. Ní 1913 nìkan, ẹ̀rọ tí ó ti ibẹ̀ jáde ju mílíọ̀nù 1.3 lọ. Ẹ gbọ́ iye yẹn dáadáa. Ohun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí a sì fi irin ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí kì í kú, báwo ni yóò ṣe ṣọ̀wọ́n?

Mo padà sí ọjà náà, mo wo ohun tí àbúrò bàbá mi wò. Òótọ́ ni ó rí 3,000 pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n iye tí ẹni tó ń tà á kọ síbẹ̀ ni, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni san. Ẹ̀rọ náà ti wà níbẹ̀ láti oṣù púpọ̀, eruku ni kò rí bà lé e nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà. Ọjà náà ní ojú ewé mìíràn tí ó ń fi kìkì àwọn tí wọ́n ti tà tán hàn. Mo ṣí i. Àwọn ìbejì ẹ̀rọ wa tí mo rí níbẹ̀ lọ ní 40 pọ́n-ùn, 55 pọ́n-ùn, 30 pọ́n-ùn. Àwọn mìíràn kò rí ẹnìkan ṣoṣo tí ó dá owó lé wọn. Owó tí a ó fi gbé irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ láti Iléṣà dé Lọ́ńdọ̀n yóò gbé iye yìí mì láìku ẹyọ kan.

Mo jẹ́ àbọ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wọn jókòó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mi orí. Àǹtí mi kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó fi aṣọ nu orí ẹ̀rọ náà. Bàbá mi ni ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n ní, "Bí ó bá jẹ́ pé o rí i pé lóòótọ́ ni ó tó 3,000 pọ́n-ùn ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, n kò fẹ́ parọ́ fún yín lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, n ó ti sọ pé kí wọ́n tà á, nítorí pé mo fẹ́ kàwé yìí parí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní ìyá àwọn náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀, pé torí kí àwọn lè kàwé ni ó ṣe rà á. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí mi sọ fún wa pé òun ti gba aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí wọn yóò wọlé ní oṣù Kẹsàn-án láti rán, pé bí a bá lè ra bẹ́líìtì tuntun sí ẹ̀rọ náà, òun yóò fi lára èrè rẹ̀ kún owó mi. A ra bẹ́líìtì náà ní ọjọ́ kejì. Mo ti wọlé padà, mo sì ti san ìdajì. Ìyókù ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti ń san owó Singer.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ iye ńlá lórí ohun àtijọ́ ilé yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnìkan ti san án, tàbí ẹnìkan kàn kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Ẹ béèrè bóyá àwọn méjì tí ń bára wọn jà ni wọ́n gbé e gòkè. Ẹ sì béèrè ohun tí nǹkan náà ṣì ń ṣe nínú ilé yín, nítorí pé kò sí òòlù tí ó lè bá yín sọ ìyẹn.